Ṣé kí n máa mu epo torí ìtọ̀ ṣúgà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà, metformin sì ni mò ń lò. Ọmọ mi ka nǹkan kan fún mi lórí fóònù, pé àwọn onísáyẹ́ǹsì rí nǹkan kan nínú ara èèyàn tó máa ń mọ̀ tí ọ̀rá bá ti dé, pé wọ́n lè fi ṣe ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń tajà wá ní kí n máa mu ṣíbí epo pupa kan láràárọ̀, tàbí kí n ra òróró ẹja oníkóró, kí n sì rọra fi oògùn dọ́kítà sílẹ̀ torí ó máa ń da inú mi rú. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? – Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà mà. Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tọ́mọ yín kà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín léwu, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi metformin yín sílẹ̀.

Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa làwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní ríséptọ̀, bíi mégáàdì ẹnu géètì ni wọ́n ṣe rí, tó bá ti rí ẹni tó mọ̀ á ké sínú ilé pé lágbájá ti dé o, àwọn tó wà nínú ilé á sì ṣe ohun tó yẹ. Àwọn kan nínú wọn, ọ̀rá ni wọ́n mọ̀. Lọ́dún 2003 làwọn olùwádìí ní Jàpáánì kọ ọ́ jáde pé ọ̀kan tó ń jẹ́ GPR40 pọ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì (èròjà tó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan nítòsí àpòlúkù, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kàn án báyìí, ínsúlínì tó ń jáde á pọ̀ sí i. Ibi tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé tí ṣúgà ò bá ga, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ ti rí àwọn tó ń lo glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà míì, tí oúnjẹ pẹ́ kó tó débẹ̀, tí òógùn bò wọ́n, tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n, tójú wọn ń ṣú? Oògùn yẹn ò mọ̀ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, ó ṣáà ń lé ínsúlínì jáde ni. Oògùn tó bá gba ọ̀dọ̀ GPR40 ṣiṣẹ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú ìyẹn, ìdí nìyẹn tí inú àwọn dọ́kítà fi dùn sí i.

Ilé iṣẹ́ Takeda ní Jàpáánì ṣe oògùn kan jáde lórí ẹ̀, fasiglifam lorúkọ ẹ̀, àwọn tó lò ó, ṣúgà wọn wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó di December 2013 wọ́n dá ìwádìí yẹn dúró torí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ń fi hàn pé oògùn náà ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe dáadáa, ta ló fẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ bà jẹ́? Àwọn míì ṣì ń wá èyí tí ò ní pa ẹ̀dọ̀ lára.

Ní ti òróró ẹja, ríséptọ̀ míì tún wà, GPR120. Lọ́dún 2010 àwọn olùwádìí ní San Diego ní Amẹ́ríkà fi hàn pé omega-3 tó wà nínú ọ̀rá ẹja máa ń kàn án, àwọn eku tó sanra tí wọ́n fún jẹ, ínsúlínì wọn ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Eku nìyẹn o. Nígbà tí wọ́n fún àwọn 15,480 tó ní ìtọ̀ ṣúgà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òróró ẹja oníkóró tàbí òróró ólífì fún ọ̀pọ̀ ọdún, èsì ẹ̀ jáde ní 2018 pé òróró ẹja ò dín àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù lára wọn ju ìkejì lọ. Nítorí náà ẹ má náwó lé e fúnra yín, ẹ ra Titus tàbí sáwá ní Kútọ̀ kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀, ẹja gidi nìyẹn.

Epo pupa láràárọ̀ ńkọ́? Rárá mà. Ọ̀rá tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì yẹn gan-an lára, èyí tó bá lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́. Ṣíbí ńlá kan sì ti tó bíi 120 kálórì. Èyí tẹ́ ẹ fi ń sebẹ̀ níwọ̀nba ò burú.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní nǹkan kan bí òwú nínú, tí wọ́n ń pè ní fáíbà, tí ikùn wa ò lè dà, àwọn kòkòrò tín-ín-rín inú ìfun ńlá ló ń bá wa jẹ ẹ́, wọ́n á wá sọ ọ́ di ọ̀rá kéékèèké tí ríséptọ̀ míì nínú ìfun, FFAR2 àti FFAR3, mọ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìfun tú GLP-1 sílẹ̀, tó ń ran ínsúlínì lọ́wọ́. Torí náà ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe ṣíbí epo. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbá ò lè fi láfún sílẹ̀, ẹ sọ òkèlè ẹ̀ di kékeré, kí ewédú àti ẹ̀fọ́ pọ̀ lórí abọ́.

Tí metformin bá ń da inú yín rú, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, kẹ́ ẹ sì sọ fún dọ́kítà yín, irú kan wà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ tó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ ní kí wọ́n tún ṣe tẹ́ẹ̀sì HbA1c fún yín, òun ló máa sọ bí ṣúgà yín ṣe ṣe láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Pioglitazone ni wọ́n kọ fún bàbá mi torí ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ wọn wá ń wú. Ṣé oògùn ló fà á? – Ọmọ Bàbá, Ọbáńtókò

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Oògùn yìí gan-an, ọ̀dọ̀ nǹkan tó ń mọ ọ̀rá ló ń gbà ṣiṣẹ́, PPAR-gamma tó wà ní àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì. Ó ń kó ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan lọ síbi tó yẹ kó wà, ínsúlínì á wá ráyè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí omi àti iyọ̀ dúró sára, ẹsẹ̀ á wú, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò sì lágbára ò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Ẹ mú bàbá lọ rí dọ́kítà tó kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ mú páálí oògùn náà dání. Tí wọ́n bá ń mí gúlegúle, tí wọn ò lè sùn gbalaja, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́ o, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.