Jíìpù Ogun Tó Ń Jẹ Ọ́ìlì: Ṣé Rìngì Tuntun Nìkan Tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra jíìpù Willys MB ọdún 1943 kan níbí ní Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èéfín búlúù ń tẹ̀ lé mi kiri, bíi lítà ọ́ìlì kan ni mo sì ń bù sí i láàárín 150 máìlì. Tó bá ti gbóná, tí mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pédà, abẹ́rẹ́ gééjì ọ́ìlì máa ń wálẹ̀ sí 5. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn pààrọ̀ rìngì (òrùka irin tó yí písítìn ká) àti bẹ́árìn, kí n má wulẹ̀ náwó gbẹ́ ojú sílíńdà. Ṣé kí n gba ìmọ̀ràn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà á. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kà sílẹ̀ yẹn, oògùn ọ̀kan ò sì wo èkejì. Èéfín búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn tàbí inú gáìdì fáàfù wọ ibi tí epo ti ń jó. Abẹ́rẹ́ gééjì tó ń wálẹ̀ ń sọ pé ọ́ìlì ti rí àyè tó fẹ̀ jù sá gbà nísàlẹ̀. Rìngì tuntun ò lè gbé abẹ́rẹ́ yẹn sókè. Máíkírómítà, irin-iṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan tín-ín-rín, ló máa sọ ohun tí ẹ ó rà, nítorí náà ẹ má ra nǹkan kan kí ẹ tó wọn ẹ́ńjìnnì náà.

Ẹ́ńjìnnì yìí yẹ lóhun tí èèyàn ń náwó sí. Tírọ́ọ̀kì ìdámẹ́rin tọ́ọ̀nù ni ológun Amẹ́ríkà forúkọ jíìpù yìí sílẹ̀ fún, L134 sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀: sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.2, agbára ẹṣin 60, bẹ́árìn mẹ́ta péré fún kíráǹkì, ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí nísàlẹ̀. Inú bílọ́ọ̀kù ni àwọn fáàfù rẹ̀ jókòó sí, kì í ṣe inú tọ́ọ̀pù (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì). Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú Ford GPW, irú jíìpù yìí tí Ford ṣe, ẹ̀yà wọn sì ń bá ara wọn mu. Wọ́n ṣe é kí wọ́n lè tú u lábẹ́ igi nínú igbó. Irú jíìpù báyìí wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, lò ní Bọ́mà lọ́dún 1944, lójú ọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn là.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ wọn kọ̀ḿpírẹ́ṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ da síbí ọ́ìlì kan gba ojú plọ́ọ̀gì, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Tí nọ́ḿbà bá fò sókè, rìngì àti sílíńdà ló ti jẹ. Tí kò bá yí padà, tó sì ṣì kéré, fáàfù ni kò padé dáadáa.

Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ìwọ̀n tí sílíńdà ní nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́ ni 3.125 ínǹṣì. Ẹ wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì níbì kọ̀ọ̀kan: láti iwájú ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní ìbú. Táù la fi ń ka irú ìwọ̀n yìí. Táù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Lókè, níbi tí rìngì àkọ́kọ́ ti ń yí padà, ni jíjẹ máa ń pọ̀ sí jù. Lójú wa, tí òkè bá ti fi bíi 8 táù fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ò rí roboto mọ́, tí ó ti ń di bí ẹyin, ẹ gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyí: nínú sílíńdà tó fẹ̀ lókè tó há nísàlẹ̀, rìngì á máa là, á sì máa pa dé nígbàkigbà tí písítìn bá lọ tó bọ̀, títí á fi rẹ̀ ẹ́ tí á kán. Lókè pátápátá, ibi tí rìngì àtijọ́ ò dé rí ti dà bí ìgbátí kékeré. Rìngì tuntun, tí igun rẹ̀ ṣì mú, á gbá ìgbátí yẹn, á sì fọ́ etí písítìn. Ohun tí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín máa fà gan-an nìyẹn, lẹ́yìn ìwọ̀nba máìlì tí gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó ti dára.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ bílọ́ọ̀kù wò bóyá ó sán kí ẹ tó ra písítìn. Ibi tí L134 ti sábà máa ń sán ni láti ìjókòó fáàfù èéfín lọ sí ojú sílíńdà. Kí wọ́n sè é nínú omi kẹ́míkà gbígbóná, kí wọ́n yọ àwọn ìdérí omi ara rẹ̀, kí wọ́n ha ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, pàápàá lẹ́yìn sílíńdà kẹrin, kí wọ́n tó fi máginẹ́ẹ̀tì àti prẹ́ṣọ̀ omi dán an wò. Tó bá sán, píìnì ni kí wọ́n fi rán an ní tútù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná wẹ́dà kàn án ní gbàgede. Irin dídà tó bá gbóná lójú kan ṣoṣo á tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó.

Písítìn tó fi 20, 30, 40 tàbí 60 táù tóbi ju ti ìpilẹ̀ lọ wà lọ́jà. Ẹ rà á, kí ẹ gbé e fún onímáṣíìnì, kó gbẹ́ sílíńdà bá písítìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe bá nọ́ḿbà tó wà lára páálí. Àyè 3 táù ló yẹ. Ẹ fi fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè) 3 táù tó fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ písítìn nínú sílíńdà, kí ẹ fi ìwọ̀n sípíríìnì fà á: 5 sí 10 páùn ló yẹ kó gbà kó tó jáde. Ẹnu rìngì nínú sílíńdà, 8 sí 13 táù.

Ó wá ku abẹ́rẹ́ tó ń wálẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọn ojú kíráǹkì: 2.334 ínǹṣì fún bẹ́árìn ńlá, 1.9375 fún kọnrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì. Tó bá ti jẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ ra bẹ́árìn tó bá a mu, tó fi 10, 20 tàbí 30 táù kéré. Ẹ fi Plastigage, okùn ike tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín bẹ́árìn, yẹ àyè ibẹ̀ wò. Táù 1 sí 2 dára, 3 ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Bẹ́árìn mẹ́rin ló wà fún kámúṣáfù, ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù, ti iwájú nìkan ló sì ní bọ́ọ̀ṣì tí a lè pààrọ̀. Mẹ́ta yòókù ń yí lórí irin bílọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Tí irin yẹn bá ti fẹ̀, kò sí bẹ́árìn kíráǹkì tó máa gbé prẹ́ṣọ̀ sókè. Àfi kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n sì kan bọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ tún wo ojú ìdérí pọ́ńbù ọ́ìlì: bébà gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù ń fún ọ́ìlì láyè láti yí padà sẹ́yìn. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì ibi tí agbọ́n ọ́ìlì tó ń léfòó nínú sọ́ọ̀mpù (agbada ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) ti so mọ́ bílọ́ọ̀kù náà ṣe pàtàkì. Tó bá jò, afẹ́fẹ́ ni pọ́ńbù á máa fà mu.

Ìkìlọ̀ kan tó ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà: ṣéènì ló ń yí kámúṣáfù ẹ́ńjìnnì ayé ogun. Àwọn tí Willys ṣe lẹ́yìn ogun fún aráàlú wá ń lo jíà, kámúṣáfù tiwọn sì ń yí lódì sí tàwọn tó ní ṣéènì. Kámúṣáfù tàbí pọ́ńbù ọ́ìlì irú kan ò lè rọ́pò ti irú kejì. Ẹ ṣí ìdérí iwájú kí ẹ mọ èyí tí ẹ ní kí ẹ tó ra èyíkéyìí.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kọnrọ́ọ̀dù kan kúrú ju èkejì lọ. Èyí tó kúrú ló ń kọjú sí bẹ́árìn ńlá tó sún mọ́ ọn jù. Tí ẹ bá yí i padà, písítìn á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àyè tí kíráǹkì ní láti lọ síwá-sẹ́yìn jẹ́ 4 sí 6 táù, ṣíìmù iwájú la fi ń tún un ṣe. Okùn tó ń dí ọ́ìlì lẹ́yìn kíráǹkì, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, kí ẹ fi irin roboto yí i wọlé kí ẹ tó gé etí rẹ̀. Agbára tí ẹ ó fi fún àwọn bóòtù rèé: kápù bẹ́árìn ńlá, 65 sí 70 lb-ft. Kọnrọ́ọ̀dù, 50 sí 55. Tọ́ọ̀pù, 65, láti àárín lọ sí etí, ní ìpele mẹ́ta. Àmì ojú jíà ṣéènì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra lórí ìlà kan. Àyè tápẹ́ẹ̀tì, irin tó wà láàárín kámúṣáfù àti fáàfù, 14 táù ní tútù. Pọ́ńbù ọ́ìlì ló ń yí dìsìtíríbútọ̀, ahọ́n tó so wọ́n pọ̀ kò sì sí láàárín gan-an; tí ẹ bá fi pọ́ńbù wọlé láìka eyín, iná plọ́ọ̀gì á ṣìnà. Ìtẹ̀léra iná ni 1-3-4-2, àyè ẹnu plọ́ọ̀gì 30 táù, ti kọ́ńtáàkì inú dìsìtíríbútọ̀ 20.

Epo E10, tí ẹ̀táńọ̀ inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tó ti di ti gbogbo-gbòò ní Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ń ba rọ́bà pọ́ńbù epo àtijọ́ jẹ́. Ẹ ra rọ́bà tuntun tó ń gba ẹ̀táńọ̀, tàbí kí ẹ máa ra E5, tí ẹ̀táńọ̀ inú rẹ̀ kéré sí i.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì náà, ẹ fi Vaseline kún inú pọ́ńbù ọ́ìlì kó lè fà kíákíá. Ẹ yọ àwọn plọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sítátà yí i títí abẹ́rẹ́ yóò fi gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kó máa yí bíi ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí kámúṣáfù àti tápẹ́ẹ̀tì lè mọ ara wọn. Tó bá gbóná, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kéré sí 10 nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pédà, àti bíi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Tó bá tutù tán, ẹ tún tọ́ọ̀pù fún, kí ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n, kí ẹ sì da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn 50 máìlì. Ẹ fi máginẹ́ẹ̀tì wo ìdọ̀tí tó bá wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó bu òmíràn sí i.