Báàgì ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mi ń já bọ́: ṣé okùn rọ́bà tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Peckham ní London ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Cologne ní Jámánì nígbà ooru: a ó gùn ún dé Harwich, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ti òru lọ sí Hook of Holland ní Netherlands, a ó sì máa bá odò Rhine lọ láti ibẹ̀. Mo ra káríà àti báàgì méjì tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ mi ọ̀tún ń gbá báàgì bí mo ṣe ń wa pẹ́dà, báàgì méjèèjì sì ń ró kọ́rọ́-kọ́rọ́ lójú ọ̀nà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo bọ́ sí kòtò kan ní Old Kent Road, báàgì òsì já bọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀sì sì wà lẹ́yìn mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi okùn rọ́bà tó ní ìkọ́ lẹ́nu de gbogbo rẹ̀ mọ́ káríà. Ṣé ìyẹn tó? Kẹ̀kẹ́ mi kì í ṣe ojúlówó kẹ̀kẹ́ ìrìn-àjò, ti àwọn tó ń sáré ló fara jọ.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ló yọ yín, àti ojú awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn.

Okùn rọ́bà kò tó. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ mú un kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá, torí báàgì tí wọ́n bá kọ́ bó ti yẹ kò nílò okùn kankan kó tó dúró sí ààyè rẹ̀. Báàgì tó bá ń já bọ́, ìkọ́ rẹ̀ ni kò bá ọ̀pá káríà mu, tàbí kó jẹ́ pé ìkọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò di nǹkan kan mú. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ti ìkọ́ ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù, òun náà ni mo sì fura sí nínú tiyín.

Ẹ gbé báàgì òsì yẹn, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ara yín. Ìkọ́ méjì wà lókè. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí ìkọ́ ẹyọ kan, pẹlẹbẹ, tó ṣeé sún síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn ti òkè ló ń gbé ẹrù. Ti ìsàlẹ̀ kì í gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí báàgì ya kúrò lára káríà. Nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, káríà á jìn wálẹ̀ lójijì, báàgì á ṣì wà lókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà káríà á tún gbá a padà sókè. Bí ìsàlẹ̀ báàgì bá wà lófo lásìkò yẹn, yóò fì síta, fífì yẹn ló sì máa ń tú ìkọ́ òkè kúrò lórí ọ̀pá. Ẹ̀yin á máa bú ìkọ́ òkè, ìsàlẹ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ wà.

Báwo ni a ṣe ń tò ó? Kó nǹkan sínú báàgì ná, nítorí báàgì òfìfo kì í jókòó bí èyí tó kún. Ẹ kọ́ ọ sórí káríà. Ẹ wá wo ibi tí ẹsẹ̀ káríà, ìyẹn ọ̀pá tó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ọ̀nà áàsù (irin àárín tí táyà fi ń yí), ti gba ẹ̀yìn báàgì kọjá. Ẹ tú bóòtù ìkọ́ ìsàlẹ̀, ẹ sún un dé ibẹ̀, kí ẹ yí i kí ètè rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ọ̀pá náà, ní ìhà táyà, kí ẹ tó dì í padà. Ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí kí wọ́n tó tà á kì í sábà bá káríà oníkálukú mu. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ mú ìsàlẹ̀ báàgì kí ẹ fà á síta dáadáa. Tó bá tẹ̀lé ọwọ́ yín, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ rántí pé ti òsì àti ti ọ̀tún máa ń kọjú síra wọn ni. Ẹni tó bá tò wọ́n sí apá kan náà, báàgì kan á dúró, èkejì á máa fì.

Ní ti ariwo, ìwọ̀n ọ̀pá ló fà á. Ìkọ́ òkè tó wà lára ọ̀pọ̀ báàgì òde òní ti Ortlieb, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe báàgì kẹ̀kẹ́, lè gba ọ̀pá tó fẹ̀ tó mìlímítà 16, bẹ́ẹ̀ ni káríà Tubus Cargo, tí àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ràn, mìlímítà 10 ni ọ̀pá rẹ̀. Mìlímítà mẹ́fà tó ṣẹ́ kù yẹn ni àyè tí báàgì ń rí jó. Àwọn tó ṣe é kúkú mọ̀: wọ́n máa ń fi àwọn ike kéékèèké sínú páálí, tí a ó há sínú ìkọ́ títí àyè rẹ̀ yóò fi bá ọ̀pá dọ́gba. Ike yìí ni àwọn ènìyàn máa ń dà nù pẹ̀lú páálí! Bí tiyín bá ti bá ìdọ̀tí lọ, ẹ lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Bí kò bá sí, ẹ gé tíúbù àtijọ́, ẹ wé e mọ́ ọ̀pá níbi tí ìkọ́ yóò jókòó sí, kí ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́. Ó tún ní àǹfààní míì: iyanrìn tó bá kó sí àárín ìkọ́ àti ọ̀pá máa ń bó ọ̀dà kúrò lára káríà, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fa ìdìmú báàgì sókè, ẹnu ìkọ́ òkè á ṣí. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, á pa dé. Ẹ fetí sí i kí ó ró kà, kí ẹ sì wò ó pé etí aṣọ tàbí okùn kò há sí i lẹ́nu. Ìkọ́ tó pa dé tán ni kòtò kì í rí tú.

Gìgísẹ̀ wá ń kọ́. Pé ọ̀tún nìkan ló ń gbá báàgì ti sọ fún mi pé ìkọ́ báàgì méjèèjì kò sí ní ojú kan náà. Ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yín náà wà ńbẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́ asáré, irin tó ti ibi pẹ́dà lọ sí áàsù ẹ̀yìn sábà máa ń gùn tó mìlímítà 410. Ti kẹ̀kẹ́ ìrìn-àjò máa ń sún mọ́ 450. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin yìí ni gìgísẹ̀ yín ń wá. Ẹ tú ìkọ́ òkè méjèèjì, kí ẹ sún wọn lọ sí ọ̀nà iwájú lára báàgì; báàgì fúnra rẹ̀ yóò wá bọ́ sẹ́yìn lórí káríà. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa wọ̀ rìnrìn-àjò, ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹnìkan bá yín wo àyè tó ṣẹ́ kù. Àyè ìka kan tó. Ẹ má ti báàgì sẹ́yìn kọjá bó ṣe yẹ o, nítorí ẹrù tó bá kọjá áàsù sẹ́yìn púpọ̀ máa ń mú kí táyà iwájú fúyẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá gbà, ẹ ra báàgì kékeré. Èyí tí wọ́n ṣe fún táyà iwájú sábà máa ń gba nǹkan bíi lítà 12 ní ẹyọ kan, ti ẹ̀yìn sì máa ń gba 20. Ti iwájú yìí ṣeé kọ́ sẹ́yìn láìsí wàhálà. Ní tèmi, ẹni tó máa sun ilé ìtura láti ibí dé Cologne kò nílò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwa ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ nílé.

Ṣé káríà yín dúró dáadáa? Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún lósì tó ń yẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti sọ kò ní ṣiṣẹ́. Bóòtù M5, ìyẹn èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 5, ló máa ń wà níbẹ̀, àlẹ́ǹkì mìlímítà 4 ló ń tú u. Ẹ kán gúlù búlúù tí wọ́n ń fi sí ẹnu bóòtù díẹ̀ sí i kí ẹ tó dì í, torí gbígbọ̀n ọ̀nà máa ń tú bóòtù. Bí ihò kan náà bá ń gba káríà àti irin ìdábòbò ẹrẹ̀, káríà ni kó sún mọ́ férémù, kí ìdábòbò wà níta. Ní ìhà ṣéènì, ẹ wo inú: bóòtù tó bá gùn jù máa ń yọ orí jáde síbi tí ṣéènì ń gbà nígbà tó bá wà lórí eyín tó kéré jù, á sì máa gé ṣéènì jẹ. Ìwọ̀n ẹrù tí káríà lè gbé sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ alumíníọ̀mù jẹ́ kìló 25, ti Tubus Cargo tí mo dárúkọ lókè jẹ́ 40. Bí férémù yín bá jẹ́ ti carbon tí kò sì ní ihò tí wọ́n ṣe fún káríà, ẹ má fi ohunkóhun de káríà mọ́ ọn. Báàgì abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ wá, irú èyí tí Carradice, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nelson ní Lancashire lọ́dún 1932, fi di olókìkí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí okùn rọ́bà ọ̀rẹ́ yín. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ ni ìkọ́ irin tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń nà, nítorí náà ẹrù lè fò. Nígbà tí ẹrù bá fò, ìkọ́ á yọ, okùn á sì kó sínú sípókù. Táyà ẹ̀yìn á dúró gbọnin lórí eré. Bí ẹ bá ní àgọ́ tàbí ibùsùn tí ẹ fẹ́ dè sórí káríà, bẹ́líìtì tó ní bọ́kùlù ni kí ẹ lò, kí ẹ di ìdí rẹ̀ tó bá gùn jù mọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́mu wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu jáde láti oko kò lo ìkọ́ kankan: rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù ni wọ́n ń fà le, tí wọ́n ń wé léra wọn, tí wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ há sábẹ́ èyí tó ti wé ṣáájú. Ìyẹn dára ju èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù orí káríà ni mò ń sọ, kì í ṣe báàgì ẹ̀gbẹ́. Ẹ sì wò ó bóyá ẹrù orí káríà kò bo iná pupa ẹ̀yìn yín. Bó bá bò ó, ẹ gbé iná náà lọ sí ìdí káríà.

Bí ẹ bá ń di ẹrù, ohun tó wúwo ni kó wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ táyà. Ẹ jẹ́ kí báàgì méjèèjì dọ́gba: ìwọ̀n ọlọ́wọ́ tí a fi ń wọn àpótí kí a tó lọ sí Heathrow, tí mi ò rò pé ó wọ́n nílé ọmọ Nàìjíríà kankan ní London, ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n. Bí gàrí bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ipò rẹ̀, nínú ike tó ní ìdérí. Ẹ ká ẹnu báàgì tó bá jẹ́ oníkíká ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán kí ẹ tó dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á wọlé. Òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kúkú bí báàgì irú èyí: Hartmut Ortlieb, ọmọ Jámánì, ń gun kẹ̀kẹ́ níbí nínú òjò nígbà tó ṣàkíyèsí tàpólì tó bo ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù, ó lọ fi irú rẹ̀ rán báàgì, ó sì dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1982.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ di ẹrù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa gbé e lọ, kí ẹ gùn ún lọ sí Shad Thames lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tower Bridge, níbi tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ojú ọ̀nà. Bíríkì ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ òpópónà ní Netherlands, nítorí náà báàgì tó bá dákẹ́ níbẹ̀ yóò dákẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, ẹ tún fi àlẹ́ǹkì kan gbogbo bóòtù káríà, kí ẹ sì ní M5 méjì tàbí mẹ́ta nínú àpò.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, ibi tí wọ́n ń kó mọ́tò sí ni kẹ̀kẹ́ yóò wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí èrò sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Aṣọ òru, oògùn àti ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kó sínú báàgì kan ṣoṣo tí ẹ máa yọ gbé gòkè. Férémù ni kí ẹ fi okùn wọn dè mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe káríà, nítorí bí ìgbì bá ń ti kẹ̀kẹ́, bóòtù kéékèèké yẹn ni yóò máa gba gbogbo ìyà rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.