Ṣìmíní wa ti sán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àtijọ́ la rà ní Leeds, a ń fi igi dáná nínú fáyapléèsì ẹ̀, àmọ́ èéfín ti ń yọ sí yàrá òkè. Ẹni tó wá gbá ṣìmíní, ìyẹn ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí ilé, sọ pé inú ẹ̀ ti sán. Ṣé ká fi sìmẹ́ńtì dí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná níbẹ̀ mọ́! Carbon monoxide, gáàsì olóró tó máa ń wà nínú èéfín, ò lóòórùn, ojú ò sì rí i, ó lè pa èèyàn lójú oorun, ẹ ra alámù ẹ̀ lónìí. Sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ bá fi rẹ́ ìsàlẹ̀ ò lè débi tó sán lókè. Tó bá jẹ́ sítóòfù onígi lẹ máa lò, páìpù stainless steel 316 (oríṣi irin kan tí kì í tètè dípẹtà) tó ṣeé tẹ̀ ni wọ́n máa ń kì bọ inú ṣìmíní látorí òrùlé, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 150 ló wọ́pọ̀. Oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HETAS, àjọ tó ń forúkọ àwọn tó ń ṣe sítóòfù onígi sílẹ̀ ní UK, ni kẹ́ ẹ pè.