Ẹ lọ wo ìsun Hampstead, ṣùgbọ́n ẹ fi kẹ́ẹ̀gì sílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa mú ìyá ọkọ yín dé ìdí ìsun omi Hampstead Heath, pápá ńlá orí òkè ní àríwá London, àti bóyá ẹ lè pọn nínú omi náà lọ sílé: ọ̀nà ibẹ̀ ò le rárá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 210, ẹ sọ̀ ní Kenwood, ẹ wọnú ọgbà, kẹ́ ẹ béèrè Goodison Fountain, ìyẹn ìsun náà gan-an, lọ́wọ́ àwọn tó ń fa ajá kiri. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lẹ bá dé ibùdókọ̀ Hampstead, lift ni kẹ́ ẹ wọ̀ o. Ibùdókọ̀ yẹn ló jìn jù nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní gbogbo London, àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 300. Ẹ má fi orúnkún màmá ṣeré.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Màmá mi wá kí mi láti Ìbàdàn nígbà sọ́mà kan. Àwọn ìyá ìjọ wa mú wọn rìn jáde, wọ́n sì dé ìdí ìsun kan létí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, kì í ṣe Hampstead. Omi ń dà ṣọ̀rọ̀rọ̀, ó mọ́ gaara, ó tutù. Màmá mu àmutẹ́rùn, wọ́n tún rọ ọ́ sínú ike, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yìn tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ ni wọ́n tó sọ fún mi pé omi tó ń ṣàn kì í ní kòkòrò.

Kò pẹ́ púpọ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Ikùn wọn wú, ó ń kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí: ìgbẹ́ wọn rí pọ́nyìnrín, ó ń yọ̀ bí ohun tí wọ́n da epo sí, ó ń léfòó, téèyàn bá fa omi sí i, á tún padà wá. Òórùn ẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Màmá tó sanra dáadáa nígbà tí wọ́n dé, ìró ò dúró nídìí wọn mọ́, àfi kí wọ́n fi bẹ́líìtì ọmọ mi dè é.

Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó ṣe gbọ́ Nàìjíríà báyìí, etí ẹ̀ di. Ó ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn. Kò sí. Ó ní ká tún un yẹ̀ wò. Kò sí. Ó kàn táífọ́ọ̀dù. Ara màmá ò sì gbóná rárá o! Mo ní, "Dókítà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbí kí inú yìí tó bẹ̀rẹ̀." Ó ní òun gbọ́, ó wá bi mí bóyá odò wà nítòsí ilé wọn n'Íbàdàn. Gbogbo ìwé tó kà, kò kọ́ ọ pé kó béèrè omi tí ìyá mu ní London. Nọ́ọ̀sì kan ló béèrè, níbi tó ti ń wọn ìfúnpá wọn. Ojú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n wá giardia, kòkòrò kan tó ń bá omi wọnú ìfun, nínú ìgbẹ́. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kòkòrò yẹn kì í bá ìgbẹ́ jáde lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gba ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá yẹ ẹyọ kan wò tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ má kúrò níbẹ̀. Oògùn metronidazole ló wò wọ́n sàn níkẹyìn. Ọtí ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tó bá ń lò ó, títí kan àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Mo pe káńsù, wọ́n ní kí n pe àwọn tó ni pápá. Àwọn tó ni pápá ní kí n pe ilé iṣẹ́ omi. Ilé iṣẹ́ omi ní omi ẹ̀rọ tàwọn nìkan làwọn mọ̀.

Ti Hampstead wá ńkọ́? Òjò ló ń rọ̀ sórí òkè yẹn, tó ń gba inú iyanrìn sọ̀kalẹ̀ títí tó fi kan amọ̀ tí kò lè kọjá, ló bá ń sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí iyanrìn yẹn náà ni gbogbo ajá àríwá London ń ṣu sí. Ohun pupa tẹ́ ẹ máa rí níbi tí omi ń gbà, ìpẹtà ni, irin wà nínú omi náà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún màmá pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á láyé àtijọ́. Ní 1698, obìnrin kan, Susanna Noel, àti ọmọ ẹ̀ fi kànga tó wà ní Well Walk àti ilẹ̀ éékà 6 ta àwọn tálákà Hampstead lọ́rẹ. Òkúta ibẹ̀ ṣì ń sọ fún arìnrìn-àjò pé kó mu, bẹ́ẹ̀ kò sí omi mímu níbẹ̀ mọ́.

Tí màmá bá ní omi náà dùn, ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn: ní 1854, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn èèyàn ní Soho, láàárín London, opó kan wà ní Hampstead níbí tó máa ń ránṣẹ́ bu omi kànga Broad Street ní Soho yẹn, torí pé ó fẹ́ràn bó ṣe dùn lẹ́nu. Kọ́lẹ́rà pa á, ó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ tó wá láti Islington tó mu nínú ẹ̀. Dókítà John Snow fi ọ̀rọ̀ tiwọn hàn pé omi ló ń gbé àrùn náà.

Tí màmá bá taku pé àwọn máa mu omi ìsun Hampstead, ẹ sè é kó hó yàà fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Jọ́ọ̀gì asẹ́mi tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ò lè dá giardia dúró. Òjé tàbí kẹ́míkà tó bá wà nínú omi ò sì ní tìtorí sísè kúrò.

Ẹ tètè lọ forúkọ màmá sílẹ̀ ní GP, ìyẹn ọ́fíìsì dókítà àdúgbò. Tí ọmọge tó jókòó níwájú bá ní kẹ́ ẹ mú ìwé iná tàbí páásípọ́ọ̀tù wá, irọ́ ni, wọn ò lè tìtorí ìyẹn lé yín, ọ̀fẹ́ sì ni rírí GP fún àlejò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní Kenwood, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta tíì.