Ohun tí oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ sanwó lé owó

Arábìnrin wa tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ béèrè bóyá àwọn oníbàárà á gbà láti san owó lé owó, bí òun bá ń lo ohun tí kò ní ba àyíká jẹ́ láti di oúnjẹ fún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se móínmóín àti ìrẹsì ọ̀fadà tà ní Èkó, ohun tí ojú mi sì rí nídìí òwò náà ni pé wọ́n á san án, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àyíká.

Ẹ wo móínmóín. Ewé eéran ni mo fi ń pọ́n ọn. Bí a bá kó ewé náà dé láti ọjà, a ó fi aṣọ tútù nu ún tojú tẹ̀yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ṣẹ́ igi ìdí rẹ̀ kúrò láìjẹ́ kí ó ya, igi yìí náà la ó sì tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi má baà kan oúnjẹ. Ewé méjì la ń gbé lé ara wọn kí a tó ká wọn bí àrọ, kí a bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, kí a sì ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo ọ̀rá kàn ń bù ú, ó ń so ó, iṣẹ́ ti parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé á wọ́n, á sì máa ya mọ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà, móínmóín eléwé wọ́n ju ti inú ọ̀rá lọ lọ́dọ̀ mi, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ tán. “Màmá, ṣé eléwé ni?” ni wọ́n ń bi mí kí wọ́n tó béèrè iye tó jẹ́. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń wá, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ ohun tí a sè nínú ọ̀rá gbígbóná.

Àwọn oníbàárà yìí kan náà ni mo gbé abọ́ oníwèé fún láti fi gbé ìrẹsì lọ sílé. Mo fi ₦200 lé iye oúnjẹ, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹnì kan bi mí pé, “Ṣé abọ́ la fẹ́ jẹ ni?” N kò pè wọ́n ní ahun, nítorí pé àǹfààní ewé ń wọ ẹnu ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n inú gọ́tà ni àǹfààní abọ́ ń lọ, bí òjò bá sì rọ̀ tí gọ́tà dí, ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san án ni yóò jọ wọ́ omi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òfin ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ wa kò lè ṣe. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun ní oṣù kìíní ọdún 2024, gbogbo olóúnjẹ àdúgbò mi ló wá abọ́ mìíràn, oníbàárà kò sì rí ẹni tí yóò sá lọ bá nítorí owó. Ó dùn mí pé abọ́ ike ni ọ̀pọ̀ nínú wa sá sí, èyí tí gọ́tà kò lè gbé mì pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2015 tí àwọn ilé ìtajà ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5p (pẹ́ńsì márùn-ún) lórí ọ̀rá ìkẹ́rù kọ̀ọ̀kan, èyí tó di 10p ní ọdún 2021, àwọn ènìyàn wa tó wà níbẹ̀ ń gbé báàgì tiwọn láti ilé, nítorí pé owó kékeré tí a bá gbà lórí ohun tí kò dára máa ń tètè yí ìwà padà ju ọ̀rọ̀ ìyànjú lọ.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ẹ jẹ́ kí owó abọ́ wà nínú iye oúnjẹ, ẹ má yà á sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń polówó ewé, adùn rẹ̀ ni kí ẹ sọ. Ẹni tó bá gbé abọ́ tirẹ̀ wá, ẹ fún un ní ẹ̀ènì: àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó wà nítòsí mi ń gbé kúlà wá báyìí nítorí ẹran kan tí mo ń fi lé e. Ẹ sì tètè bá eléwé yín ṣàdéhùn iye owó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.