Kí ẹ tó to iṣẹ́ káńsù sórí ìwé fún ìpínlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní káńsù yín ní iṣẹ́ 14 nílẹ̀, ìpínlẹ̀ ní mẹ́ta péré ni kí ẹ mú wá, ẹ wá ń bèèrè èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú títì, ọjà àti ilé ìwòsàn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì: iye èèyàn tó máa jàǹfààní, bó ṣe bàjẹ́ tó, àti bóyá ìwé rẹ̀ ti pé. Ẹ pe ìpàdé ìlú, kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Ìyẹn ò le.

Owó ló le. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìpínlẹ̀ máa sanwó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ máa ná an kí wọ́n tó dá a padà. Lórí ìwé ni kí ẹ ti gba èsì o, torí ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹnu sọ lónìí, kò ní rántí rẹ̀ lọ́la. Ká ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ná an, tí owó iṣẹ́ náà jẹ́ 100, ìpínlẹ̀ gbé 80, ẹ̀yin gbé 20. Ọ̀pọ̀ káńsù á rò pé 20 nìkan làwọn máa wá. Irọ́ gbuu! Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń ṣe iṣẹ́ owó 25 lóṣù, tí ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó padà sì ń lo oṣù méjì lórí tábìlì wọn, nígbà tí oṣù kẹta bá fi máa parí, ẹ ti san 75, 20 péré ló tíì wọlé, ìyẹn ìpín ìpínlẹ̀ nínú 25 oṣù àkọ́kọ́. 55 yín ti há síta nìyẹn. Bí ẹ ò bá ní in, agbaṣẹ́ṣe á kó katakata rẹ̀ lọ, òjò á wó ibi tó ti gbẹ́, ẹ ó sì tún sanwó kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Bí àwòrán iṣẹ́ tàbí déètì kan ò bá sí nínú ìwé yín, inú fáìlì ló máa sùn sí. Wọn ò ní pè yín. Ẹ̀yin lẹ máa wá a lọ, ẹ ó wá tún oṣù kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí apá yín ò ká, ẹ pín in sí ipele, kí ipele kọ̀ọ̀kan sì lè dá wúlò fúnra rẹ̀. Títì tó parí sínú igbó kì í ṣe ipele.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnjiníà tó máa ń da ìṣirò owó iṣẹ́ ibòmíì kọ, tó kàn pa orúkọ abúlé dà. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀! Ẹ wò ó dáadáa: ẹ ò ní rí owó yíyẹ ilẹ̀ wò, owó àtiṣí òpó iná àti páìpù omi kúrò lọ́nà, owó ẹni tó máa bójú tó iṣẹ́, tàbí owó gbà-má-bínú fún onílẹ̀. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀. Ìṣirò tó bá ti lé lọ́dún kan, ẹ tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí pàǹtí bá pọ̀, ẹ má gba páìpù kọ́fátì, ìyẹn èyí tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 600 mìlímítà. Ó máa ń dí, kò sì rọrùn fún èèyàn láti wọ inú rẹ̀ kó o. 900 ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé síbẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè ibi tí omi máa dà sí, torí gọ́tà tó parí síwájú ilé ẹnìkan, ẹjọ́ ló ń fà.

Ẹ má bínú, ìbéèrè yín gan-an: títì tí àgbàrá ń gé ni kó ṣáájú, nítorí bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ohun tí ẹ̀ bá fowó díẹ̀ tún ṣe lè di títún kọ́ látìsàlẹ̀. Kọ́fátì, gọ́tà àti páìpù omi tó máa gba abẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó da ọ̀dà. Ilé ìwòsàn ló kàn, bí ìwé bá wà tó sọ ẹni tó máa sanwó oṣù nọ́ọ̀sì àti owó iná. Ọjà ní tirẹ̀, bí ẹbí onílẹ̀ bá ṣì ń jà, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rọ́pò rẹ̀.