Mo ti kó ẹrù mi fún Olúwa, kí ló dé tí n ò rí oorun sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá wa. Ata ni mò ń tà lọ́jà Òyìngbò. Rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi lọ́dún tó kọjá, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé e wọ balùwẹ̀, èmi ni mò ń wá owó ilé, owó ilé ìwé àwọn ìbejì àti owó oògùn. Gbogbo ará ìjọ ló ní kí n kó ẹrù mi fún Jésù. Mo ti kó o fún Un, Màmá. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago méjì òru, ojú mi á là, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò gbèsè. Arábìnrin kan ní àìnígbàgbọ́ ló ń dà mí láàmú, pé kí n tiẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí èmi fúnra mi ń lò dúró, kí Ọlọ́run lè rí i pé mo gbẹ́kẹ̀ lé Òun. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Ẹ̀búté Mẹ́ta

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú aláìsàn, o kú ìrọ́jú. Olúwa á gbé bàbá àwọn ọmọ dìde.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn. Jọ̀ọ́, má dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fa irú àìsàn tó dá ọkọ rẹ dùbúlẹ̀ yìí. Ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ti ṣèlérí fún Hesekáyà pé Òun á fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, Aísáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé eéwo tó wà lára Hesekáyà, ara ọba sì yá. Ta ló máa sọ pé Aísáyà ò nígbàgbọ́? Ọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn dùn mí wọra, torí ó lè sọ àwọn ìbejì di aláìníyàá.

Ní ti oorun, Sáàmù 55 ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ọ ti wá: “Kó ẹrù rẹ lọ sí ara Olúwa.” Ẹsẹ 22 nìyẹn. Odindi ẹsẹ 21 ló ṣáájú rẹ̀ tí wọn kì í sábà kà síni létí. Níbẹ̀, àyà Dáfídì ń já, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun ì bá ní ìyẹ́ bí àdàbà, òun ì bá fò lọ. Ó wá ní lálẹ́, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án lòun á máa ké pe Olúwa. Tí o bá kó ẹrù náà fún Un láàárọ̀, tí o tún bá a lọ́rùn rẹ lóru, tún kó o fún Un. Ìgbàgbọ́ náà nìyẹn. Tí ojú rẹ bá là láago méjì, ka gbèsè yẹn sí I létí bó ṣe rí gan-an: iye tí o jẹ oníbàárà rẹ ní Mile 12, iye owó ilé tó kù.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìwọ nìkan lò ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Mósè náà sọ fún Ọlọ́run nínú Númérì 11 pé òun nìkan ò lè ru àwọn èèyàn yìí, wọ́n ti wúwo jù, kódà ó ní kí Ó kúkú pa òun. Ọlọ́run ò bá a wí fún ìyẹn. Ó ní kó kó 70 àgbààgbà jọ, kí wọ́n bá a ru ẹrù náà. Èèyàn ni ìdáhùn àdúrà yẹn! Àwa ará Èkó, a lè máa kú lọ, tí wọ́n bá bi wá pé ṣé dáadáa ni, “a dúpẹ́” la máa fi fèsì. Tí ẹ bá tún ṣèpàdé ẹgbẹ́ ìyá, má kàn ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún ọ. Sọ pé o nílò ẹni tó máa jókòó ti bàbá láàárọ̀ tí o bá lọ kó ata, àti ọkùnrin méjì tó máa bá ọ gbé e wẹ̀ ní Sátidé.

Àwọn ẹbí ọkọ rẹ ńkọ́? O ò mẹ́nu ba ẹnì kankan nínú wọn. Kọ̀wé sí mi nípa ìyẹn.